Ọwọ́ Òsì Mùfútáù

Èèyàn mẹ́tàdínlógún ti kọjá níwájú Abídèmí láàárọ̀ ọjọ́ náà kí Mùfútáù tó wọlé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti yọ ahọ́n han dígí, wọ́n ti gbé ọwọ́ lé ìrọ̀rí, ẹ̀rọ tó ń ka lílù ẹ̀jẹ̀, ìrọ̀rí ti tan iná aláwọ̀ ewé fún wọn, wọ́n sì ti gba àgbo wọn lẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n ń mu ún díẹ̀díẹ̀ lọ sídìí òfì. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àgbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé máa ń korò.

Mùfútáù ní tirẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè kí Abídèmí lè rí i dáadáa. Ìbọ̀wọ́ irin olórí agòkè, àwọn tó ń gun òpó, ló wà níbẹ̀, ó bo ọwọ́ láti orí ìka títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń dán bí ìdí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iyanrìn fọ̀.

Abídèmí bi í pé ta ló ní kó lọ wọ ìbọ̀wọ́ kó tó wá gbé ọwọ́ kalẹ̀. Ṣé kò mọ̀ pé tí wọ́n bá ti tì í, kì í ṣí mọ́ títí ẹni tó wọ̀ ọ́ á fi gun òpó tí á sì sọ̀ kalẹ̀, àfi tí iná pupa ilé àyẹ̀wò bá ṣí i? Mùfútáù ní òun mọ̀. Ó ní ọdún mẹ́sàn-án lòun ti ń wo ìbọ̀wọ́ yẹn lọ́wọ́ ẹlòmíì, pé ẹsẹ̀ òun ti gbé òun dé yàrá irin kí orí òun tó rántí ilé àyẹ̀wò.

"Àbí kí n gé ọwọ́ náà kí n gbé e fún ẹ, Dókítà?"

Abídèmí kì í ṣe dókítà. Agbọ́wọ́ ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ náà, nítorí bí ó ṣe máa ń tẹ orí ba tó bá di ọwọ́ èèyàn mú, bí ẹni tó ń fetí sí i. Mùfútáù ló máa ń pè é ní dókítà, ó sì tó ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà dáadáa, kò lè bá a jà sí i.

Láti ojú fèrèsé, èèyàn lè rí àwọn òpó tí wọ́n rì mọ́ orí àpáta lápá Àdó-Àwáyè. Mọ́kànlá ni wọ́n. Mẹ́wàá ti wọ aṣọ, ìkọkànlá ṣì wà níhòòhò. Aṣọ tí wọ́n ń hun nínú ilé-iṣẹ́ yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń wọ̀. Òòrùn ló ń mu látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí ó sì ń tú u jáde padà ní iná fún ìlú mẹ́tàlá. Tó bá di ọ̀sán, Mùfútáù ni yóò ṣíwájú èèyàn mẹ́fà gun òpó kọkànlá lọ ta aṣọ náà sí i, òpó tó ga ju ilé alájà ogún lọ.

"Ọ̀tún," ni ìrọ̀rí wí. Ohùn obìnrin kan tó ti dàgbà ni wọ́n fún un, ohùn ará Ìsẹ́yìn.

Mùfútáù gbé irin lé e. Ìrọ̀rí ní ọwọ́ yẹn bò, kí wọ́n gbé èkejì wá.

Ẹ̀rín Mùfútáù dín kù. Ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnikẹ́ni ń wo òun láti orí ìlà, ó sì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè jẹ́jẹ́.

"Má bínú," ó ní, "òsì ló kù."

Láti ọdún mẹ́rin tí Abídèmí ti ń jókòó lórí àpótí yẹn, kò tíì sẹ́ni tó gbé òsì kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Kì í ṣe pé ìrọ̀rí kì í béèrè. Àràárọ̀ ló ń béèrè. Tó bá sọ pé ọ̀tún, èèyàn á gbé ọ̀tún kalẹ̀. Tó bá sọ pé òsì, èèyàn á gbé ọ̀tún kan náà sókè, á tún un gbé kalẹ̀, Agbọ́wọ́ á sì dá ìrọ̀rí lóhùn pé òsì ni. Ìrọ̀rí ò lójú. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló ń kọ sínú ìwé ara oníkálukú. Kò sẹ́ni tó ka èyí sí irọ́ nínú ilé-iṣẹ́ náà. Bí wọ́n ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà náà ni wọ́n ṣe ń tún ọ̀tún gbé.

Dókítà Wẹ́ì ló kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀, ará Ṣáínà tó bá àwọn òfì àkọ́kọ́ wá, tó gbé ìlú náà pẹ́ títí tó fi ń bá àwọn aláta fa ọ̀rọ̀ láìní ògbufọ̀. Wọ́n nawọ́ òsì sí òun láìjanpata. Àlejò ni, wọ́n sì gbà pé bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tó ti wá. Nígbà tó padà sílé tí Màmá Ṣèyí, ẹni tó kọ́ níṣẹ́, gorí àpótí, ọ̀rọ̀ yí padà. Ta ni yóò jí láàárọ̀ tí yóò lọ na òsì sí Màmá Ṣèyí? Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àgbà ahunṣọ mẹ́ta ní kí wọ́n kúkú lé àwọn kúrò níṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń kúnlẹ̀, ìlà ò sì kúrò lójú kan títí di ìyálẹ̀ta. Lọ́jọ́ kẹjọ, Màmá ní kí wọ́n máa tún ọ̀tún gbé. Ó ní ẹ̀jẹ̀ kan náà ló wà nínú méjèèjì. Ọdún kejìlélógún rèé tó ti sọ bẹ́ẹ̀.

Abídèmí dá Mùfútáù lóhùn pé kò burú. Ó gbé ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ òsì náà, fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, bí ẹni tó fọwọ́ kan ojú omi tí kò fẹ́ kó rú. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i, kò gbọ́. Ó rò pé òun ò mọ ojú ibẹ̀ ni, ó ṣáà ń wá a lọ, ó ń wá a bọ̀. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ dé eegun ló tó bá a, lábẹ́ ìka kẹta: nǹkan kan tó tín-ín-rín, tó pẹ́ kó tó dé, tó sì dé tán bí ẹni tó yọ́ wọlé tí kò fẹ́ kí onílé mọ̀. Ọwọ́ náà tutù. Kì í ṣe òtútù omi ìfọwọ́. Inú ni òtútù náà ti ń jáde.

Irú lílù ẹ̀jẹ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n ló wà nínú ìwé Dókítà Wẹ́ì, Màmá Ṣèyí ló sì fún wọn lórúkọ Yorùbá. Abídèmí mọ Okùn-líle, tó máa ń le gbandi bí òwú tí wọ́n ta sójú òfì. Ó mọ Ìlẹ̀kẹ̀-lórí-àwo, tó ń yí gbirigbiri lábẹ́ ìka, tó ti sọ fún un rí pé obìnrin kan lóyún kí obìnrin náà tó sọ fún ọkọ rẹ̀. Inú ìwé nìkan ló ti pàdé Asápamọ́. Ìwé ní tí ó bá wà lọ́wọ́ kan tí kò sí lọ́wọ́ kejì, kí Agbọ́wọ́ mọ̀ pé nǹkan ti dínà láàárín ọkàn àti ọwọ́ náà. Láàárọ̀ àná, ọ̀tún Mùfútáù ń lù bí ọwọ́ ẹni tó lè fi èjìká gbé màlúù.

Ó bi í bóyá apá náà máa ń rẹ̀ ẹ́.

Mùfútáù ní apá òsì ta ni kì í rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí kò rẹ́rìn-ín, ó fi kún un pé tóun bá ti fi òsì di òpó mú pẹ́, ó máa ń tutù, ojú òun á sì ṣókùnkùn fún ìwọ̀nba ìgbà tí èèyàn lè fi ka ení títí dé ẹ̀rin. Òun á fi ọ̀tún gbá òpó mọ́ra, òun á dúró. Á kọjá. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń júwe kòtò kan lójú ọ̀nà tó ń gbà lọ sílé lójoojúmọ́.

Abídèmí béèrè ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní bí ọdún méjì.

Iná ìrọ̀rí ti di òféfèé ní gbogbo àkókò yìí. Ó ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu Agbọ́wọ́. Tí Abídèmí bá sọ pé "ti àná", ìrọ̀rí á mú ohun tó kọ lánàá, á tan iná aláwọ̀ ewé, nítorí òfin gba irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá bò. Mùfútáù á gba àgbo, á sì lọ gun òpó. Tó bá sọ pé "òsì ni", ìrọ̀rí á gbé òsì yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo òsì tó ti kọ fún Mùfútáù láti ọdún mẹ́sàn-án, á sì rí i pé wọn ò jọ ara wọn rárá. Á béèrè ìdí. Ohunkóhun tí wọ́n bá dá a lóhùn, àwọn aláṣẹ ìwé ara ní Ìbàdàn á gbọ́ ọ ní ìṣẹ́jú kan náà.

Lókè ìrọ̀rí ni wọ́n lẹ Òfin Ìwé Ara mọ́. Gbogbo ẹni tó ń bẹ lórí ìlà ló ti kà á tó sú wọn. Ìlà kẹrin sọ pé ilé-iṣẹ́ tí wọ́n bá rí irọ́ nínú ìwé ara ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀, Ẹ̀tọ́ Ara gbogbo ilé náà, ìyẹn àgbo àti abẹ́rẹ́ òṣìṣẹ́ àti ti ará ilé rẹ̀, á dáwọ́ dúró, títí wọn á fi kọ ìwé tuntun fún oníkálukú fún odindi ọdún kan.

Abídèmí ní kí Mùfútáù jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì wọ yàrá abẹ́rẹ́ lọ.

Màmá Ṣèyí wà láàárín àwọn ahunṣọ mẹ́fà tí wọ́n jókòó yíká pẹ̀lú abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ létí, tí ojú gbogbo wọn ti pa dé. Obìnrin náà ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, kì í yára. Oṣù méjì ló kù kó fẹ̀yìn tì. Abídèmí fà á sí ẹ̀gbẹ́ àpótí ewé, níbi tí òórùn atalẹ̀ àti èèpo igi ti máa ń yọ́ wọ aṣọ èèyàn, ó sì sọ ohun tó bá lọ́wọ́ Mùfútáù fún un láìfi nǹkan kan kún un.

Màmá gbọ́ ọ tán. Kò sọ pé ó ṣì í gbọ́, èyí tí Abídèmí ti ń retí. Ó béèrè bóyá ìka kẹta ni tàbí ìka àárín. Ó béèrè bóyá ọwọ́ tutù. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ náà sókè, jẹ́jẹ́, bí ó ṣe máa ń ro iye ewé tí yóò bọ́ sínú ìkòkò. Ó ní ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ó lé ogójì ló wà nínú ilé yìí, kí Abídèmí wá fi ìyàwó, ọkọ àti ọmọ kún un. Ó ní oògùn onípáálí ti di ohun tí èèyàn ń forúkọ sílẹ̀ dè fún oṣù mẹ́fà, tí àìsàn kì í sì í dúró de ẹnì kan. Nítorí Ẹ̀tọ́ Ara ni àwọn kan ṣe fi Kíṣí àti Ṣakí sílẹ̀ wá ṣiṣẹ́ níbí. Ó ní kí ó wo dígí kó sọ pé ahọ́n Mùfútáù gbóná. Ahọ́n gbígbóná, ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta. Tó bá pé ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á tún wá nǹkan mìíràn.

Kò dárúkọ ìyá Abídèmí, tó ń wá gba abẹ́rẹ́ orúnkún níbẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, tó ti ń dá gun àtẹ̀gùn báyìí. Kò sì sọ nǹkan kan nípa oṣù méjì tirẹ̀. Abídèmí ṣàkíyèsí pé kò sọ ọ́.

"Ọjọ́ wo ni ọkọ̀ á wá gbé e lọ Ìbàdàn, Màmá?"

Àwọn méjèèjì mọ̀ pé iná pupa nìkan ló ń pe ọkọ̀ aláìsàn wá láti Ìbàdàn, níbi tí àwọn tó lè la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ wà. Ahọ́n gbígbóná kì í pè é. Ọ̀kan nínú àwọn ahunṣọ la ojú, ó wò wọ́n, ó tún pa á dé.

Nígbà tí wọ́n jáde, Mùfútáù ti dìde. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó ti rò ó tán fúnra rẹ̀. Ó kí Màmá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì yíjú sí Abídèmí, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Sọ pé ti àná. Tí mo bá já bọ́, kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́, èmi náà ò sì ní sọ pé ìwọ ni."

Ó fẹ́ kó dà bí àwàdà. Abídèmí wo ìbọ̀wọ́ náà, ó wo bí ó ṣe gbé e dúró díẹ̀ síta, kí ó má baà fara ha aṣọ. Ó ronú pé ọdún mẹ́sàn-án jẹ́ àkókò tó gùn láti máa wo nǹkan kan lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ó tún ronú pé òpó náà ò ní mọ̀ ọ́n. Ojú á ṣókùnkùn, èèyàn á sì máa ka ení, èjì, pẹ̀lú èèyàn mẹ́fà lábẹ́ rẹ̀ lórí okùn kan náà. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá a sọ pọ̀, àmọ́ ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé kó jókòó.

Iná pupa kì í tàn lórí ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Agbọ́wọ́ méjì gbọ́dọ̀ di ọwọ́ náà mú. Màmá Ṣèyí fa àpótí kan, ó jókòó, ó sì na ọwọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ń dúró.

Mùfútáù ò lè ṣe é. Ó gbé òsì náà sókè, ó tún un gbé sẹ́yìn. Màmá yìí ló gún ìyàwó rẹ̀ lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tí ọmọ kejì kọ̀ tí kò fẹ́ bọ̀, òun ló sì dúró tì í títí ọmọ fi ké. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ ilé àyẹ̀wò pẹ̀lú irin lọ́wọ́, irin náà dún gbàgà lórí táìlì, àwọn tó wà lórí ìlà sì ń na ọrùn wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní kí Màmá darí jì òun. Màmá ní òun ti darí jì í, kó dìde, ilẹ̀ tutù. Nígbà tó dìde, ó fi ìbọ̀wọ́ irin gbé òsì rẹ̀ nísàlẹ̀, bí èèyàn ṣe ń fi ọ̀tún ti òsì lẹ́yìn tí kò bá rí ọgbọ́n mìíràn dá, ó sì kọjú sí ògiri, ó gbé méjèèjì síwájú Màmá.

Màmá dì í mú. Abídèmí ń wo ìka rẹ̀. Wọ́n rìn láti òkè wá sí àárín, wọ́n dúró, wọ́n tẹ̀, wọ́n tún tẹ̀. Ó pẹ́. Ariwo òfì ń dún gba inú ògiri wọlé, kọ̀ǹkọ̀, kọ̀ǹkọ̀, láìyí padà. Ìgbà kan wà tí Abídèmí rò pé Màmá ti sùn.

"Mo mọ̀ pé ẹnì kan á wà," ni Màmá sọ nígbẹ̀yìn. Kò wo ẹnikẹ́ni. "Mi ò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ni."

Ó yọ ọwọ́. Ó ní ó jọ Asápamọ́, kí Abídèmí dá ìrọ̀rí lóhùn bó bá ṣe fẹ́, òun á sọ pé òun gbà. Ó sọ èyí láìgbé ohùn sókè tàbí sílẹ̀, bí ẹni tó ń sọ pé omi ti hó. Ó hàn sí Abídèmí nígbà náà pé kò sẹ́ni tó máa bá òun sọ ọ́. Orí àpótí òun ni ọ̀rọ̀ náà wà. Tó bá sọ pé ti àná, Màmá á gbà. Tó bá sọ èkejì, Màmá á gbà. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Sìfáwù tó kàn lórí ìlà ń fi ìdí ife lu ògiri díẹ̀díẹ̀, nítorí ó ti ń pẹ́.

Abídèmí sún mọ́ ìrọ̀rí.

"Òsì ni," ó wí.

Ìrọ̀rí ń ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ rárá.

"Òsì yìí kò jọ òsì àtẹ̀yìnwá," ó ní. "Ṣé òsì lóòótọ́ ni èyí tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Rárá," ni Abídèmí wí. "Ọ̀tún ni."

"Ti ẹni yìí nìkan?"

Ó bojú wo Màmá. Màmá ń tẹ́ etí aṣọ rẹ̀ lórí itan.

"Ti gbogbo wa," ni Abídèmí wí. Màmá Ṣèyí tẹ̀ síwájú, ó sọ orúkọ tirẹ̀ fún ìrọ̀rí, ó sì ní òun gbà.

Iná pupa tàn. Kò dún, kò pariwo. Ìbọ̀wọ́ irin là sí méjì lọ́wọ́ Mùfútáù, ó sì bọ́ sórí tábìlì, ọwọ́ tó wà nínú rẹ̀ ti làágùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ tí nǹkan kan tì nínú ògiri, lápá ibi tí ẹnu ẹ̀rọ àgbo wà, tí ilẹ̀kùn yàrá abẹ́rẹ́ sì ṣí fúnra rẹ̀ kí àwọn ahunṣọ mẹ́fà lè jáde. Wọ́n jáde pẹ̀lú abẹ́rẹ́ létí. Màmá dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ fún wọn níbi tí wọ́n dúró sí.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ tàn ká nínú ilé-iṣẹ́ náà. Sìfáwù wọlé láìjẹ́ pé wọ́n pè é, ó gbé ife rẹ̀ sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́, kò jáde. Ó tún un tẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Àgbo ikọ́ ọmọ rẹ̀ ló máa ń gbà kún tirẹ̀ láràárọ̀. Ó bi Abídèmí bóyá tòun náà ti parẹ́, Abídèmí ní gbogbo rẹ̀ ni. Sìfáwù ronú sí i. Ó ní ọdún kan. Ó ní nítorí òsì. Ó ní ìyá Abídèmí ńkọ́, àbí tirẹ̀ ò parẹ́ ni? Nígbà tí Abídèmí sọ fún un pé ti ìyá òun náà ti parẹ́, ó da ojú ife délẹ̀ sórí tábìlì, ó sì jáde. Bí ó ṣe ń lọ, Abídèmí gbọ́ tó ń sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pé kí wọ́n máa lọ sídìí òfì, kò sí nǹkan kan níbí mọ́. Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti mọ̀ látijọ́ pé ọmọbìnrin tó máa ń wo ojú fèrèsé tó bẹ́ẹ̀ á kó wọn sí wàhálà lọ́jọ́ kan. Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó bá a wí.

Ọkọ̀ dé kí wákàtí kan ààbọ̀ tó pé, funfun, láìsí awakọ̀. Òfin kan náà tó ti Ẹ̀tọ́ Ara pa ló sọ pé ẹni tí iná pupa bá tàn fún, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e dé ibi tó yẹ, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Abídèmí sìn ín dé ẹnu ọkọ̀. Ní iwájú yàrá irin, àwọn agòkè mẹ́fà dúró pẹ̀lú okùn léjìká, kò sẹ́ni tó ti sọ fún wọn bóyá wọ́n á gòkè tàbí wọn ò ní í gòkè. Wọ́n juwọ́ sí Mùfútáù. Ó juwọ́ padà, ara rẹ̀ ò sì yá, ó dà bí ẹni tí wọ́n mú nídìí nǹkan tí kò ṣe.

Ó jókòó. Ìgbànú ọkọ̀ dì í mú fúnra rẹ̀. Abídèmí retí pé yóò bínú, ó sì ti múra sílẹ̀ fún un. Àmọ́ ọkùnrin náà kàn ń wo ọwọ́ méjèèjì tó gbé lé itan, bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wọ́n lé e lọ́wọ́ láàárọ̀ yẹn.

"Kí lo gbọ́ gan-an?" ó béèrè.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Bọ̀dá Mùfú."

"Lẹ́yìn gbogbo èyí?"

"Níbi tó yẹ kí n ti gbọ́ ọ, mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ilẹ̀kùn pa dé láàárín wọn. Ọkọ̀ yí orí padà nínú ọgbà, ó kọjá lábẹ́ òjìji àwọn òpó, ó sì mú ọ̀nà Ìbàdàn. Abídèmí dúró síbẹ̀. Dígí ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́ kedere, ó sì lè rí Mùfútáù níbẹ̀ tó tẹ orí ba, tó kó ìka mẹ́ta ọ̀tún jọ lé ọrùn ọwọ́ òsì, tó ń gbé wọn síbí, tó ń gbé wọn sọ́hùn-ún, tó ń tẹ̀ ẹ́, títí ọkọ̀ fi wọ ẹ̀yìn àpáta.